Agogo Ni Bàbá Aago



Nígbà tí à ń múra ọdún Ifá tó kọjá, mo gbé agogo fún ọmọ-ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 11, pé kó máa lù ú tẹ̀lé wa. Kò gbà á. Ó ní, "Bàbá, àwọn ọmọ kíláàsì wa á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ni agogo, pé ẹ̀yin ẹ kàn gbé e wá sídìí òrìṣà ni." Mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ tí ojú ń tì láti lu agogo lónìí, ṣé òun ló máa gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lójú ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́la?

Mo nàka sí ara ògiri, mo ní, "Kí là ń pe ìyẹn?" Ó ní aago ni. Mo ní kí ló dé tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀? Kò mọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Agogo náà ni aago. Bí ẹnu wa ṣe gé Egúngún kúrú tó di Eégún, bẹ́ẹ̀ la ṣe gé agogo tó di aago. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí à ń fi ọ̀pá lù sí àràn àti ìpèsè Ifá, tí akéde ń lù kiri ìlú, òun ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nígbà tí òyìnbó gbé ẹ̀rọ tó ń dún ka wákàtí dé, àwọn baba wa gbọ́ ìró ẹ̀, wọ́n ní agogo rèé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "aago méjì ti lù". Agogo dún lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Tẹlifóònù náà dé, ó dún, a tún ní "tẹ̀ mí láago". Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ló tan aago wákàtí kálẹ̀, a ò jiyàn ìyẹn. Orúkọ ni kì í ṣe tiwọn.

Òyìnbó gan-an, "clock" tó ń pe aago, inú clocca ló ti wá, ọ̀rọ̀ Látìn àtijọ́ tó túmọ̀ sí agogo. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe agogo ní Glocke. Àwọn Fọ̀n ní orílẹ̀-èdè Benin ń pe irin ní gan, gan náà ni agogo, òun náà ni wákàtí. Hausa ń pe aago ní agogo bíi tiwa, ṣùgbọ́n bí aago méjì bá lù, irin méjì ló máa sọ. Àwọn Ẹ̀dó, tí wọ́n múlé ti wa lápá Ifọ̀n, egogo ni wọ́n ń pè é.

Èmi náà ti lu agogo ilé-ìwé rí. Irin tàyà lọ́rì la so kọ́ igi máńgòrò. Aago kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá ló wà. Bó bá ti mi orí sí mi, mo máa lù ú. Àwọn ìyá tó wà lóko ìtòsí ń fi ìró yẹn mọ ìgbà tí wọ́n máa dáná. Lọ́jọ́ kan ebi ń pa mí, mo lù ú ṣáájú àsìkò. Gbogbo ilé-ìwé tú jáde. Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi náà ti di akéde tó ń purọ́.

Ọ̀wọ̀ wa wá ńkọ́? Inú agogo ni wọ́n ti yọ orúkọ ọdún Igogo, tí à ń ṣe nínú oṣù Kẹsàn-án nítorí Ọ̀rọ̀ńsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ̀rẹ̀ngẹ̀jẹ̀n. Ẹ mọ ìtàn náà: èèwọ̀ ẹ̀ ni kí wọ́n lọ ilá lójú ẹ̀, kí wọ́n da omi sí àgbàlá, kí wọ́n ju ìdì igi sílẹ̀ gbì. Àwọn orogún ẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n rú èèwọ̀ náà, ó sì kúrò láàfin, ó wọ igbó lọ. Igbó Lájà tí ìtàn yẹn mẹ́nu bà ni Ekpo Eyo wá gbẹ́ ilẹ̀ ní 1971, tó sì rí àwọn ère amọ̀ àtijọ́ níbẹ̀. Bí ọdún Igogo bá ń lọ, ìlù kò gbọdọ̀ dún, ìbọn kò gbọdọ̀ dún, a kì í dé fìlà, a kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ á dirun, á wọ iyùn. Agogo nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 17 ni. Awo mọ iye yẹn: ìtàdógún ni, ẹ̀ta dín ní ogún, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, tí a bá ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ti ìparí. Ẹni tó bá gbọ́ agogo yẹn lójú títì Ọ̀wọ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ìgbà wo la wà yìí.

Ọmọ náà gbọ́ ọ títí. Ó ní, "Bàbá, ta ló wá ń lu ti ara ògiri yìí?" Mo ní bátìrì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wá ọ̀pá agogo. Ó lù ú nínú ilé dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sáré ju àràn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sí títì, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́.

Mo ti sọ fún un pé òun ló ni agogo ọdún tó ń bọ̀.