Fi Àyè Sílẹ̀ fún Ẹnìkejì Rẹ: Ọ̀rọ̀ lórí Òfin Ilé Kíkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọmọ títọ́ àti àdúrà ni a sábà máa ń sọ nínú ìwé wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe ilé ti òkè ọ̀run, bí kò ṣe ilé búlọ́ọ̀kù àti simẹ́ńtì tí a ń kọ́ lójoojúmọ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Bí ẹnìkan bá ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ni ó kan pásítọ̀ nínú òfin ilé kíkọ́?", kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn wa. Ìtìjú tiwa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

ÒJÒ TÍ Ó WỌ ILÉ MÀMÁ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọ wa kan ní ìhà Ìkọ̀lé ra púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹbí kan. Inú wa dùn púpọ̀, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń jọ́sìn nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ń yá. A sanwó, a gba ìwé, a da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, àwọn bíríkìlà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kò dé ọ́fíìsì kankan, a kò sì gba ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Nítorí pé a ń retí ọ̀pọ̀ ọkàn, a fa ìpìlẹ̀ títí ó fi kan ààlà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni ó kù láàrin wa àti ilé ìdáná màmá àgbà kan, opó tí ó ti ń gbé ibẹ̀ kí a tó dé.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì àwọn elétò-ìlú, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Town Planning. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù wa pé kí iṣẹ́ dúró. Síbẹ̀ ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú pláànù yín wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún màmá yìí."

Kí ni a ṣe? A kéde ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta! A pe obìnrin náà ní Sáńbálátì, ọ̀tá tí kò fẹ́ kí Nehemáyà mọ odi Jerúsálẹ́mù. Díákónì wa kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí rọra sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Nehemáyà gba ìwé lọ́wọ́ ọba kí ó tó gbéra." Òótọ́ ni, ó wà nínú orí kejì ìwé rẹ̀, ẹsẹ keje àti ìkẹjọ. Ṣùgbọ́n a pa á lẹ́nu mọ́. A ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Òjò oṣù kẹsàn-án dé. A kò mọ̀ pé ilẹ̀ wa gan-an ni ojú àgbàrá ibẹ̀ látijọ́. Omi tí ó ń ti òkè bọ̀ bá ìpìlẹ̀ wa pàdé, kò rí ọ̀nà kọjá, ó sì yà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá náà dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìró tí ó rin gbingbin. Kò pariwo. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ kú àárọ̀. Mo ń gbọ́ yín lóru tí ẹ ń gbàdúrà fún òjò ìbùkún. Òjò náà ti rọ̀ o. Inú yàrá mi ni ó wọ̀."

Ẹ̀yin ará, a ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù láti ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì títí di òní. Èyí tí ó gún wa tó ti màmá yìí kò pọ̀. A bẹ̀ ẹ́, a tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, a sì lọ bẹ obìnrin òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú. A hú ìpìlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan jáde, a la gọ́tà fún omi, a sì mú pláànù lọ sí ọ́fíìsì. Owó tí ó bá a lọ dùn wá. Àwọn kan kùn pé pásítọ̀ ti bẹ̀rù ènìyàn, ìdílé méjì sì fi wá sílẹ̀. Ilé ìjọsìn tí a kọ́ kéré ju èyí tí a rò lọ, bí ọdún Àjíǹde bá sì dé, abẹ́ àtíbàbà ni àwọn kan ń jókòó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ lóru, a ń sùn.

ÌLÚ TI Ń GBÒÒRÒ

Ìbùkún ńlá ni ó dé bá apá àríwá Èkìtì wa. Ní 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sí Ọyẹ́. Ọgbà rẹ̀ kejì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹnjiníà. Ní Ìdó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2014. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti oníṣòwò ń wọlé. Oko tí àwọn bàbá wa ti ń wa iṣu ti di ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. A kò ráhùn. Ta ni kò fẹ́ kí ìlú rẹ̀ dàgbà?

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni bí ó ti ń dàgbà. Ẹbí kan gé ilẹ̀ tà níhìn-ín, òmíràn gé tirẹ̀ tà lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Ẹni tí ó rà á ń wá yàrá púpọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò yá, nítorí náà ilé ń kan ilé. Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀kadà nìkan lè gbà. Bí aboyún bá ń rọbí lóru ní òpin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdó, báwo ni mọ́tò yóò ṣe gbé e débẹ̀? Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ibo ni mọ́tò panápaná yóò gbà wọlé?

KÍ NI ÒFIN NÁÀ WÍ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ó bá ti ní ìwé ilẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ohun tí ó wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ni ó sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀. Òfin ètò ìlú ni ó ń sọ ohun tí a lè kọ́ sórí rẹ̀ àti bí a ó ti kọ́ ọ. Ìjọba ológun ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1992. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni agbára ètò ìlú wà nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ìjọba Èkìtì ni tiwa wà.

Gbòǹgbò òfin náà kò le láti yé ènìyàn. A ń pín ìlú sí apá-apá: ibi tí a ń gbé, ibi tí a ń tajà, ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ, ibi ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun sí, bí etí odò. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ sọ ilé gbígbé di ilé ìjọsìn, ilé ìtajà tàbí ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ó ní láti gba àṣẹ titun. Mélòó nínú àwa ìjọ ni a ti ṣe bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àyè. Púlọ́ọ̀tì tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, èyí tí ó tó mítà 15 sí 30. Ìwọ̀n tí àwọn elétò-ìlú sábà ń béèrè fún ilé gbígbé ni pé kí ilé má gbà ju ìdajì ilẹ̀ lọ, kí a fi nǹkan bí mítà 6 sílẹ̀ níwájú, kí a sì fi mítà 3 sílẹ̀ lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ilé tí yóò kù jẹ́ mítà 9 ní ìbú àti mítà 21 ní gígùn. Ó gba yàrá mẹ́rin, pálọ̀ àti ilé ìdáná dáradára. Òfin kò ní kí a má kọ́lé. Ohun tí ó ń wí ni pé kí afẹ́fẹ́, omi àti aládùúgbò rí ọ̀nà kọjá.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kànga. Àwọn onímọ̀ ìlera ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá àti sókàwéè tó mítà 30. Mítà 30 ni gbogbo gígùn púlọ́ọ̀tì kan! Bí a bá tilẹ̀ gbẹ́ kànga síwájú ilé tí sókàwéè wa sì wà lẹ́yìn, ti aládùúgbò wa ń kọ́? Bí òun bá gbẹ́ sókàwéè tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga wa, ọmọ wa ni yóò mu ún. Ìdí nìyí tí onílé kan kò fi lè dá ètò yìí ṣe. Gbogbo àdúgbò ni ó gbọ́dọ̀ ní ètò kan.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ NÍBÒMÍRÀN

Àwọn àgbà kan ń fura sí òfin yìí, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Òfin ìlú tí àwọn gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1917 ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀ òfìfo tí ó tó yáàdì 440 sáàrin wọn àti àwa aláwọ̀ dúdú. Èyí kì í ṣe ìfẹ́ ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní Èkó ní 1924, ó hàn gbangba pé ilé tí ó ṣù jọ láìsí afẹ́fẹ́ ń pa olówó àti tálákà. Ní 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti tún Èkó ṣe.

Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 200 lọ. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé wà létí omi, ìdọ̀tí sì ti dí odò náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣètò Bódìjà fún ibùgbé lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ilé kíkọ́ wọn sílẹ̀ ní 1958. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ohun abúgbàù bú ní Bódìjà. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé tí ó lé ní 50 sì bàjẹ́. Àwọn tí ń sùn jẹ́ẹ́ nínú ilé wọn kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Kí ohun tí ó léwu má bàa wà láàrin ibi tí ọmọdé ń sùn sí ni a ṣe ń pín ìlú sí apá-apá.

ỌLỌ́RUN PÀÁPÀÁ Ń ṢÈTÒ ÌLÚ

Ẹ ka Númérì 35:2-5. Nígbà tí Olúwa ń pín ìlú fún àwọn ọmọ Léfì, ó wọn ẹ̀bá ìlú fún wọn ní ìgbọ̀nwọ́ láti ara odi lọ síta, fún ẹran ọ̀sìn wọn. Léfítíkù 25:34 sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ ẹ̀bá ìlú wọ̀nyí. Nínú Deuterónómì 22:8, Ọlọ́run pàṣẹ kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun ṣe ìgbátí sí òrùlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Wòlíì Aísáyà, ní orí karùn-ún ẹsẹ kẹjọ, kígbe ègbé lé àwọn tí ń fi ilé kún ilé títí àyè kò fi sí mọ́. A ti ń wàásù ẹsẹ yẹn sí àwọn ọlọ́rọ̀ fún ọdún pípẹ́, láìmọ̀ pé ìpìlẹ̀ tiwa náà wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Kí a tó ra ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí á lọ béèrè ní ọ́fíìsì elétò-ìlú ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ náà sí. Kí á sì wò ó nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.

2. Kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ya pláànù, kí a sì gba àṣẹ kí bíríkìlà tó da simẹ́ńtì. Hínhú ìpìlẹ̀ jáde wọ́n ju ìwé lọ. A mọ̀ ọ́n dájú.

3. Ẹ̀yin ẹbí onílẹ̀, ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kí ó la ọ̀nà àti gọ́tà kí ẹ tó tà. Ilẹ̀ tí mọ́tò lè dé a máa tà ju èyí tí kò lọ́nà.

4. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, kí ilé Ọlọ́run má ṣe jẹ́ èyí tí ó dí ọ̀nà. Kí a fi ibi ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀, kí ìró ẹ̀rọ wa má sì jí aláìsàn lóru.

5. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, owó ìwé pọ̀ fún tálákà, ìwé a sì máa pẹ́. Bí ẹ bá ń béèrè ohun tí kò sí nínú òfin, ẹ̀yin náà ni ó ń lé àwọn ènìyàn sá kúrò nínú òfin. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.

Olùfẹ́, Èkó kò lè padà di oko mọ́. Ìbàdàn kò lè tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́ àti ní Ìdó, ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìlú tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ohun tí a bá fà sórí rẹ̀ lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò máa gbà kọjá. Bí o bá ń kọ́lé lọ́wọ́, jáde lọ ní ìrọ̀lẹ́ òní, dúró sí ẹnu ààlà rẹ, kí o sì wo ojú fèrèsé ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Ǹjẹ́ o fi àyè sílẹ̀ fún un?

Kí Olúwa tí ó fi àyè gbà wá, nígbà tí a kò yẹ, kọ́ wa láti fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àmín.