Dìbò, Tò, àti «Kò-tọ́-sí-ẹnì-kan»: Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Ṣàlàyé Ẹ̀bùn Hugo àti Ìdíje Èèpo Ẹ̀yìn Ìwé

Ẹ̀bùn Hugo wà lára àwọn ẹ̀bùn tó lókìkí jù lọ fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ìtàn àràmàǹdà, ìyẹn ìtàn tí idán, iwin àti ìlú tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ní 1953, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn náà dá àwọn ènìyàn lọ́lá. Àwọn òǹkàwé fúnra wọn ló ń yan ẹni tó máa gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn yàn á san owó kó lè di ọmọ ẹgbẹ́ Worldcon, àpéjọ ọdọọdún àwọn olólùfẹ́ ìtàn wọ̀nyí. Wọ́n á dárúkọ ìwé, wọ́n á bá ara wọn jiyàn fún oṣù mélòó kan, wọ́n á sì dìbò.

Ọ̀rọ̀ tí a fi parí gbólóhùn yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Dìbò kò sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹni tó bá sì fi òun nìkan ṣàlàyé kò ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015 kó yé ni.

Dì àti ìbò ló para pọ̀ di dìbò. Kí ìbò tó di ìwé pélébé tí à ń jù sínú àpótí, ohun èlò Ifá ni. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú babaláwo ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé owó ẹyọ ń dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun ń dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò á dì wọ́n mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Ifá á sì sọ ọwọ́ tí a ó mú. Ohun méjì ni kí a fà yọ nínú èyí. Èkíní ni pé èyí tàbí ìyẹn ni ìbò ń sọ. Kì í sọ pé èyí kọ́kọ́, ìyẹn tẹ̀lé e. Èkejì ni pé àǹfààní láti kọ ọ̀rọ̀ wà nínú ìbò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. A ó padà sí ìkejì yìí. (Bí a bá yá voter lọ́wọ́ Faransé, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Àjàṣẹ́ ti máa ń ṣe, ìṣòro èkíní kò kúrò nílẹ̀.)

Lórí ìwé ìdìbò Hugo, àwọn orúkọ tó kù sí ìparí nínú ẹ̀ka kan máa ń jẹ́ mẹ́fà báyìí. Márùn-ún ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Olùdìbò á kọ nọ́ńbà sí iwájú wọn: 1, 2, 3, títí dé ibi tó bá wù ú. Tò ni ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu. Ó ń to orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kékeré wò ó. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án fẹ́ yan èèpo ẹ̀yìn ìwé tó dára jù nínú mẹ́ta. Ọ̀kan ní àwòrán ọkùnrin tó fi aṣọ borí, tó mú idà lọ́wọ́. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí ìwé ìtàn àràmàǹdà débi pé àwọn òǹkàwé ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní àwòrán dírágónì, ọ̀kan ní àwòrán ìlú lórí òkè. Mẹ́rin fi Onídà sí ipò kìíní, mẹ́ta fi Dírágónì síbẹ̀, méjì fi Ìlú síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan péré, Onídà ti wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́nà ti Hugo, kò tíì sí èyí tó ju ìdajì lọ. A ó yọ Ìlú kúrò, ìwé ìdìbò méjèèjì tó dì í mú á sì lọ bá èyí tí wọ́n fi ṣe ìkejì. Bí àwọn méjèèjì bá fi Dírágónì tẹ̀lé Ìlú, Dírágónì di márùn-ún, Onídà ṣì wà ní mẹ́rin. Èyí tó ṣáájú lákọ̀ọ́kọ́ ti pàdánù.

Èdè wa kò ṣaláìní ohun tí a fi lè sọ èyí. Gbólóhùn méjì péré ni olùdìbò náà kọ sórí ìwé: «Mo fẹ́ràn Ìlú ju Dírágónì lọ, mo fẹ́ràn Dírágónì ju Onídà lọ.» Ọ̀rọ̀-ìṣe ju ni Yorùbá fi ń ṣe àfiwé, ohun méjì ló sì máa ń fi wéra lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ka ìbò Hugo kò ṣe ju pé ó ń bi ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè pé, nínú àwọn tó kù, èwo ni o fẹ́ ju èwo lọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni orúkọ kan tó máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀ka, tí kì í ṣe orúkọ ìwé tàbí ti ènìyàn. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní No Award. Bí olùdìbò bá fi í sí ipò kejì, ó ń sọ pé lẹ́yìn ìwé kan yìí, ó sàn kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni ju kí ẹ fún èyíkéyìí nínú àwọn tó kù. Báwo ni a ó ṣe pè é? «Kò sí ẹni tó gbà á» jẹ́ ìròyìn èsì, kò lè jẹ́ orúkọ olùdíje. Àbá wa ni Kò-tọ́-sí-ẹnì-kan, nítorí kò ṣòro fún Yorùbá láti sọ gbólóhùn di orúkọ; Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ ń bẹ láàárín wa. Ìyàtọ̀ tó ń mú wá kì í ṣe kékeré:

N kò dìbò fún ẹnì kankan.
Mo dìbò fún Kò-tọ́-sí-ẹnì-kan.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kò ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Ẹni náà lè ti jókòó sílé. Nínú ìkejì, ìyísódì náà wà nínú orúkọ, olùdìbò náà sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Egungun ló mú, ìbò rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ìbò.

Ní 2015, ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n ń jẹ́ Sad Puppies àti Rabid Puppies to orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn alátìlẹ́yìn wọn dá wọn. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn olùdìbò ń fi ìṣèlú ṣáájú ìtàn tó dùn. Nígbà ìdárúkọ, ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé yòókù fọ́n káàkiri orí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé. Àwọn díẹ̀ tó fọwọ́ sí àkójọ kan náà lè gba gbogbo àyè tó wà nínú ẹ̀ka kan. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka mélòó kan. Nígbà tí ìdìbò ìparí dé, ìwé ìdìbò 5,950 ló wọlé, Kò-tọ́-sí-ẹnì-kan sì borí ní ẹ̀ka márùn-ún. Láti 1953 títí di ìgbà náà, ìgbà márùn-ún péré ló ti borí rí. Ẹni tó bá túmọ̀ èyí sí pé «àwọn ènìyàn kò dìbò» ti sọ òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n dìbò ju ti ọdún èyíkéyìí tó ṣáájú lọ. Bóyá ìyà náà tọ́ sí àwọn òǹkọ̀wé tí orúkọ wọn wọ inú àkójọ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Lójú tèmi, àwọn kan nínú wọn jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti yí ọ̀nà ìdárúkọ padà: àmì kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ó sì ń pín sí ara gbogbo ìwé tó dá tí wọ́n ṣì wà nínú ìdíje.

Ti àwòrán ńkọ́? Ní 1953, ẹ̀ka ayàwòrán èèpo ẹ̀yìn wà, Hannes Bok àti Ed Emshwiller sì jọ pín in. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bùn di ti ayàwòrán, kì í ṣe ti èèpo kan pàtó, àfi fún ìwọ̀nba ọdún láti 1990, nígbà tí Don Maitz gbà á fún èèpo ẹ̀yìn Rimrunners. Àwọn tó dá ẹ̀bùn Gemmell sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá èèpo ẹ̀yìn mọ̀ bí ohun tó dá dúró. Ravenheart ni wọ́n pe ti èèpo, Legend ni wọ́n pe ti ìwé, ẹnikẹ́ni ló sì lè dìbò nígbà náà láìsan kọ́bọ̀. Ní 2014, Emperor of Thorns gba méjèèjì. Ní 2015, Words of Radiance tún gba méjèèjì. Ó ṣòro kí ènìyàn má béèrè bóyá èèpo ni àwọn olùdìbò ń wò tàbí iṣu tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ń ṣe iyèméjì: èèpo iṣu la ń dà nù, ṣùgbọ́n èèpo igi la fi ń ṣe àgúnmu.

Ní 2019, ní Dublin, Tomi Adeyemi tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà gba Lodestar, ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí ìwé ìdìbò kan náà pẹ̀lú Hugo, fún Children of Blood and Bone. Àwòrán àwọn òrìṣà tó rí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Salvador, ní Brazil, ló ta á jí sí ìtàn náà. Nínú ìwé náà, Orïsha ni orúkọ ilẹ̀ tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Àmì orí ï yẹn kì í ṣe àmì ohùn lọ́dọ̀ wa, yálà ẹ ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì abẹ́ tàbí pẹ̀lú ɛ àti ɔ. Ṣùgbọ́n kosidán, tí ó pe àwọn tí kò ní agbára idán, rọrùn láti tú sí kò sí idán, ohùn òkè tó wà ní ìparí rẹ̀ sì bọ́ sí àyè tó tọ́. Gbólóhùn ìyísódì odindi nìyẹn, tí ó ti di orúkọ.