Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìrìn àjò láti lọ pa ẹja trout ní àwọn òkè Montana

Ní Montana, Amẹ́ríkà, títì US 191 ń bá odò Gallatin rìn láàárín àwọn òkè. Àwọn apẹja máa ń wakọ̀ gba ibẹ̀, wọ́n á máa dúró lẹ́bàá odò.

🎣 Ìwọ̀: ìyẹ́ àti irun ẹran ni wọ́n ń wé mọ́ ọn kó lè jọ kòkòrò. Ó fúyẹ́, okùn tó wúwo ló ń gbé e lọ sójú omi.

💧 Omi: trout fẹ́ omi tútù, torí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀.

🌡️ Òfin: bí omi bá gbóná dé 23°C fún ọjọ́ 3 léraléra, ìjọba lè ka ẹja pípa léèwọ̀ láti aago 2 ọ̀sán di aago 12 òru.

Ẹ gba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹja padà, ẹ kọ́kọ́ fi omi ra ọwọ́ yín, kí ara ẹja náà má bàa bó.