Ìtàgbé: ọ̀pọ̀lọ́ lára aṣọ olónà

Aṣọ èjìká àwọn olóyè ẹgbẹ́ Òṣùgbó nìyí. Òwú ni wọ́n fi hun ún ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Obìnrin ló ń hun irú rẹ̀, lórí òfì tó dúró ti ògiri.

Ẹ má rò pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kó ọnà ọ̀pọ̀lọ́ yìí sí i nígbà tí aṣọ parí. Bí ahunṣọ ṣe ń hun ún lọ ló ń ka fọ́nrán òwú, tó ń ti òwú mìíràn bọ àárín wọn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn dáadáa: kò rí róbótó, ó ṣẹ́ ní igun-igun bí àtẹ̀gùn. Ìṣirò obìnrin náà gan-an lẹ̀ ń wò yẹn, ó sì yẹ ní kíkan sáárá sí.

Àwọn Ijaw tó ń gbé níbi tí odò Ọya ti ń wọ òkun ra aṣọ olónà Ìjẹ̀bú, ó sì di aṣọ ayẹyẹ lọ́dọ̀ wọn.