Ọ̀bẹ Damásíkù: Ṣé Ọnà Ara Rẹ̀ Ló Ń Jẹ́ Kó Mú?

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ la fẹ́ sọ lónìí.

Àdúgbò kan wà ní Mẹ́kà tí wọ́n ń pè ní Al-Ka'kiyah. Ọjà ẹran ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa ẹran, ọ̀bẹ tó mú kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ìlànà Ìsìláàmù ni pé kí ọ̀bẹ mú dáadáa, kí ẹran má baà jẹ̀rora. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ọ̀bẹ tí ẹ máa fi ta bàbá tàbí ìyá yín lọ́rẹ nígbà Iléyá, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ máa rí ọ̀bẹ kan tí ọnà ara rẹ̀ dà bí omi tó ń ṣàn. Owó rẹ̀ á wọ́n. Wọ́n á ní Damásíkù ni. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Oríṣi méjì ló wà. Ti àtijọ́, láti Íńdíà àti Sri Lanka ni irin rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ kékeré, pẹ̀lú ohun tó ní kábọ́ọ̀nù nínú. Inú irin yẹn fúnra rẹ̀ ni ọnà ti ń jáde. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà pòórá. Lọ́dún 1998, ọ̀jọ̀gbọ́n John Verhoeven àti alágbẹ̀dẹ Alfred Pendray ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé èròjà vanadium díẹ̀ tó wà nínú irin náà wà lára ohun tó ń fa ọnà yẹn.

Ti òde òní yàtọ̀. Lọ́dún 1973, Bill Moran, ará Amẹ́ríkà, pàtẹ irú ọ̀bẹ yìí, látìgbà náà ló sì ti gbajúmọ̀. Alágbẹ̀dẹ á to sítíìlì oríṣi méjì léra wọn. Ọ̀kan ní níkẹ̀lì, èkejì kò ní. Á wọ́n borax sí i kí ìdọ̀tí iná má baà dí wọn lọ́wọ́ àtilẹ̀ mọ́ra. Á kó wọn sínú iná títí wọ́n á fi pọ́n yòò, á wá lù wọ́n di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, á gé e sí méjì, á tún tò wọ́n léra. Tó bá fi ìpele 7 bẹ̀rẹ̀, tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti di 224 nìyẹn. Tó bá lọ́ irin náà tàbí tó gbẹ́ ẹ, ọnà á yí padà. Níkẹyìn, á rì í sínú ásíìdì: ibi tó ní níkẹ̀lì á máa dán, ibi tí kò ní in á dúdú.

Ṣé ọnà yìí ló wá ń jẹ́ kí ọ̀bẹ mú? Rárá o. Irú sítíìlì tí wọ́n lò ni, àti bí wọ́n ṣe fi iná tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbóná, kí wọ́n rì í sínú òróró kó lè le, kí wọ́n tún fi ooru bí ìwọ̀n 200 sẹ́síọ́ọ̀sì yan án kó má baà ṣẹ́. Tí wọ́n bá ba èyí jẹ́, ọnà tó rẹwà jù lọ kò lè gbà á là. Ọ̀bẹ lásán tí wọ́n tọ́jú dáadáa á mú jù ú lọ.

Ayédèrú náà sì pọ̀, tí wọ́n kàn ya ọnà sí lára. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà, ibi tó nípọn. Ti gidi, ìlà á gba ibẹ̀ kọjá. Ti ayédèrú, ojú nìkan ni ọnà wà. Tí wọ́n bá fi yanrìn ha á, ó ti parẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ha ti gidi, tí wọ́n tún rì í sínú ásíìdì, ọnà á padà wá. Tí ẹ bá ń gbé ọ̀bẹ yín wọ bàlúù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kó o sí o, kì í ṣe báàgì ọwọ́.

Àwọn àgbà wa ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olówò náà léèrè irú sítíìlì tó lò àti bó ṣe yan án. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á dáhùn láìjanpata. Ó dìgbà kan ná.