Ẹyẹ Tó Ń Ti Ilẹ̀kùn Ara Rẹ̀

Ní gúúsù Áfíríkà, láàárín àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí, ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nǹkan bíi gíráàmù 8 péré ló wọ̀n. Anthoscopus minutus ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Kapokvoël làwọn tó ń sọ èdè Afrikaans mọ̀ ọ́n sí. Ó pọ̀ ní Nàmíbíà àti Bòtìswánà. Àwọ̀ eérú ni ẹ̀yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, àmì dúdú àti funfun sì wà níwájú orí rẹ̀. Wọ́n máa ń kó ara wọn jọ rìn, wọn á sorí kodò lẹ́ka igi, wọn á máa ṣa kòkòrò àti ìdin jẹ lára ewé. A ní ìbátan rẹ̀ kan, Anthoscopus parvulus, nínú ọ̀dàn àríwá Nàìjíríà.

Ìtẹ́ rẹ̀ gan-an ló yà mí lẹ́nu. Òwú ewéko, irun ẹranko àti okùn aláǹtakùn ló fi ń kọ́ ọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń sin àgùntàn, á ṣa irun wọn mọ́ ọn. Á máa fi ẹnu tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi ki bí aṣọ òfì. Ihò kan hàn kedere lára ìtẹ́ náà, ṣùgbọ́n ejò tó bá ki orí bọ̀ ọ́, ògiri ni yóò bá níbẹ̀. Òkè ihò yẹn ni ẹnu ọ̀nà gidi wà, ètè rẹ̀ pa dé, ojú kò tètè rí i. Bí ẹyẹ náà bá dé, á bà sí etí ihò ẹ̀tàn, á fẹsẹ̀ fa ètè òkè ṣí, á wọlé fìrí, á sì fi ẹnu pa á dé láti inú. Okùn aláǹtakùn ló ń jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀ dáadáa.

Àwọn arìnrìn-àjò Yúróòpù kan láyé àtijọ́ rò pé akọ ló ń jókòó sínú ihò ìsàlẹ̀ láti ṣọ́ ilé. Ó ṣòro fún wọn láti gbà pé ẹyẹ tó kéré báyìí lè kọ́ yàrá òfìfo kó lè fi tan ọ̀tá. Èmi gbà.

Bí àwọn ọmọ bá ti fò tán, wọn kì í pa ilé náà tì. Òtútù aṣálẹ̀ Kàlàhárì, níbi tí díẹ̀ nínú wọn ń gbé, máa ń mú gan-an lóru, nítorí náà gbogbo agbo ẹyẹ náà á wọlé, wọn á há mọ́ra wọn sùn.