Nọ́ńbà òǹkà mẹ́jọ àti àṣẹ tí kọ̀ǹpútà kò gbà mọ́

Bí o bá gba ọjà Ouando kọjá ní Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, gbójú sókè wo pátákó àwọn ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n bá kùn kí oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tó parí, tí wọn kò sì tíì tún un ṣe, òǹkà mẹ́jọ ni nọ́ńbà fóònù tó wà lára rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, kò ní wọlé. Aránṣọ tó ni pátákó náà kò kúrò níbẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà ló yí padà.

Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024 ni ARCEP, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, sọ òǹkà mẹ́jọ di mẹ́wàá. Wọ́n fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà, ìbáà jẹ́ ti MTN, ti Moov tàbí ti Celtiis. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 97 tẹ́lẹ̀ di 01 97. Ẹni tó ń pè láti Èkó tàbí Paris yóò tẹ +229, lẹ́yìn náà ni 01 yóò tẹ̀ lé e.

Òǹkà mẹ́jọ kò lè bí ju mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà lọ, a kò sì lè lò wọ́n tán, torí ìpín ńláńlá ni wọ́n fi ń pín in fún ilé-iṣẹ́. Òǹkà méjì tó kún un sọ àyè náà di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ máa lọ? Ìdí ni pé nọ́ńbà àtijọ́ gba ilẹ̀. Bí òǹkà mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 97 bá ṣì jẹ́ nọ́ńbà tó pé, a kò lè fún ẹnikẹ́ni ní òǹkà mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìda ẹ̀rọ rú: bí òǹkà kẹjọ bá ti wọlé, ṣé ẹni yẹn ti tẹ̀ ẹ́ tán ni, àbí ó kù?

Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ìgbà kan máa ń wà tí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987. Ẹni tó bá tẹ gcc lè rò pé òǹtúmọ̀ náà lòun pè. Rárá o. Agbaṣẹ́ṣe ló pè. Agbaṣẹ́ṣe yìí gba iṣẹ́, ó gbé ìtumọ̀ fún ẹni tó ń jẹ́ cc1, ó sì gbé ìsopọ̀ ìkẹyìn fún ẹni tó ń jẹ́ ld. Àwọn àmì tí a kọ tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, bíi -O2 tàbí -o, ni àṣẹ oníbàárà, òun ló sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ní oṣù Kẹta 2011, GCC 4.6 jáde, wọ́n sì yọ àṣẹ méjì kúrò: -b, tí a fi ń sọ irú ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wà fún, àti -V, tí a fi ń yan ẹ̀dà kọ̀ǹpáílà. Wọ́n ní kò ṣeé gbára lé. Kí oníbàárà pe orúkọ èyí tó fẹ́ ní kíkún. Ìyẹn kò le. Àtúnṣe mìíràn tó wà nínú ẹ̀dà kan náà ló gbà mí lọ́kàn jù.

Ṣáájú ìgbà náà, bó bá jẹ́ ìsopọ̀ nìkan ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, gcc a máa gba àṣẹkáṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú --, á sì sọ èyí tí kò mọ̀ nù láìsọ̀rọ̀. Ẹnì kan á kọ --as-needed, á rò pé ó ti dé etí ld. Kò dé ibì kankan. Iṣẹ́ á jáde, kò ní sí àríwísí, oníbàárà á sì máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Láti ẹ̀dà 4.6, gcc kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀: -Wl,--as-needed ni kí o kọ bó bá jẹ́ ld lo ń rán an sí. Ìwé àṣẹ tó bá ní èyí àtijọ́ nínú dúró lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ máa ń bí ènìyàn nínú, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ rí. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìkọ̀sílẹ̀ tó sọ̀rọ̀ sàn fún mi ju ìgbàwọlé tó ń tanni lọ.

Clang, kọ̀ǹpáílà mìíràn, gba ọ̀nà pẹ̀lẹ́ nínú ẹ̀dà 19, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Orúkọ -Ofast dà bí ẹni pé eré lásán ló wà fún, ṣùgbọ́n ó tún ń tú òfin ìṣirò onídẹ́símà sílẹ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Clang ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá kọ ọ́, ó sì ń sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀: -O3 -ffast-math, tàbí -O3 nìkan bí kò bá fẹ́ kí òfin ìṣirò yí.

Ọ̀nà méjì ni Clang fi síwájú ẹni. Ohun tí mo yin Bẹ̀nẹ̀ fún ni pé èsì tirẹ̀ kò pé méjì. Ní Côte d'Ivoire, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2021, fóònù alágbèéká ti Orange gba 07, ti MTN gba 05, ti Moov gba 01, nítorí náà o ní láti mọ ilé-iṣẹ́ tí ẹni tí ò ń pè wà. Ní Faransé, ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 1996, agbègbè ni wọ́n fi pín in, 01 sì di ti Paris àti àyíká rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, 01 kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ kékeré lè bá ìyá rẹ̀ tún gbogbo orúkọ inú fóònù ṣe.

Ara ògiri nìkan ni ọwọ́ ètò kankan kò lè dé, àti ìwé ẹ̀rí ọjà, àti ìwé gbèsè tí ìyá olójà tọ́jú sábẹ́ tábìlì. Bí o bá rí nọ́ńbà aránṣọ Ouando kan nínú ìwé àtijọ́, tí o pè é tí kò wọlé, má tíì sọ pé ó ti kó lọ. Fi 01 síwájú rẹ̀, kí o tún un pè.